Èrò Ta Ni Ká Tẹ̀ Lé? Ìfiwéra fún Ẹni Tó Ń Yan Ìwé fún Ọ̀dọ́

Ìwé tí wọ́n ń kọ fún àwọn ọ̀dọ́ ti pọ̀ débi pé kò sí òbí tàbí olùkọ́ tó lè ka gbogbo rẹ̀ kó tó mú ọ̀kan lé ọmọ lọ́wọ́. Ọ̀dọ́ fúnra rẹ̀ ò lè kà á tán. Èrò àwọn tó ti kà á ṣáájú ni gbogbo wa ń gbára lé. Àmọ́ èrò náà tún pọ̀ ju ìwé lọ, wọn kì í sì í bára mu. Ìwé kan náà tí ìgbìmọ̀ àwọn àgbà fún ní àmì ẹ̀yẹ ni ọmọ ọdún 13 kan lè pa dé kó tó dé ìdajì, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kan yóò sì tún un kà lẹ́ẹ̀kejì kó tó dá a padà sí ilé ìkàwé.

Oríṣi èrò mẹ́fà ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò: ìràwọ̀ àti ọ̀rọ̀ ṣókí orí íntánẹ́ẹ̀tì, àgbéyẹ̀wò àwọn lámèyítọ́, àmì ẹ̀yẹ, ìtọ́sọ́nà fún òbí, fídíò kéékèèké tí àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe, àti èrò tí a gbọ́ lójúkojú lẹ́nu ọ̀dọ́ tàbí olùtọ́jú ilé ìkàwé. Mi ò ní fi ibi tí mo dúró sí pa mọ́. Èrò tó wúlò jù lójú mi ni èyí tó jẹ́ ká mọ irú òǹkàwé tó ń sọ̀rọ̀ àti ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Bí méjèèjì ò bá sí níbẹ̀, bí ẹgbẹ̀rún èèyàn tilẹ̀ sọ ọ́, ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ kò tó nǹkan.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò. Ṣé ọ̀dọ́ tí wọ́n kọ ìwé náà fún ni, àbí àgbà tó ń rántí ìgbà tóun náà wà lọ́mọdé? Àwọn méjèèjì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń rí nínú ìwé yàtọ̀ síra. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìdí. “Mi ò fẹ́ràn rẹ̀” kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. “Mi ò fẹ́ràn rẹ̀ torí pé mo ti ka ọgọ́rùn-ún ojú ewé kí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀” ràn wá lọ́wọ́, torí pé ọmọ mìíràn wà tó jẹ́ pé irú ìtàn tó ń rọra rìn bẹ́ẹ̀ gan-an ló ń wá.

Mo tún ń wo owó: ta ló máa jèrè bí ìwé náà bá tà? Mo sì ń wo ohun tí yóò ná ẹni tó ń wá èrò náà, nítorí ìnáwó kì í ṣe ti owó nìkan. Àkókò wà níbẹ̀, ìsọfúnni ara ẹni ọmọ náà sì wà níbẹ̀. Èyí tó kù ni bóyá èrò náà bá ohun tí a ń wá mu. Ẹni tó ń wá ìwé fún ọmọ kan ṣoṣo àti ẹni tó ń ra ìwé kún ilé ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ kò lè gba ọ̀nà kan náà.

Ìràwọ̀ àti ọ̀rọ̀ ṣókí orí íntánẹ́ẹ̀tì

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀, mi ò sì bá wọn wí. Ọ̀fẹ́ ni, kò gba àkókò, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìwé tí ẹ ò ní bá níbẹ̀. Goodreads, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2007 tí Amazon sì rà lọ́dún 2013, wà lára àwọn ìkànnì tí wọ́n mọ̀ jù fún irú èrò yìí. Òǹkàwé á fún ìwé ní ìràwọ̀ kan sí márùn-ún, á kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ tó bá wù ú, ìkànnì náà á sì fi ìṣirò àárín gbogbo rẹ̀ hàn.

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo òbí mọ̀ nípa ìràwọ̀ wọ̀nyí ni pé àgbà ló ń fún ìwé ọmọdé ní púpọ̀ nínú wọn. Lọ́dún 1998 ni Amẹ́ríkà ṣe òfin COPPA, tó ní kí ìkànnì gba àṣẹ òbí kó tó gba ìsọfúnni ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13. Nítorí òfin yìí, ọ̀pọ̀ ìkànnì ńlá, Goodreads pẹ̀lú, kì í gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 láàyè láti ní àkáǹtì. Bí ẹ bá wá rí ìwé tí wọ́n kọ fún ọmọ ọdún 8 sí 12, tí ìràwọ̀ rẹ̀ sì pọ̀ bí iyanrìn, ẹ bi ara yín pé ta ló fún un. Òbí ni, olùkọ́ ni, òǹkọ̀wé ẹgbẹ́ ẹni tó kọ ọ́ ni. Àwọn ọmọ tí wọ́n kọ ọ́ fún gan-an ò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí níbẹ̀.

Ti àwọn ọ̀dọ́langba kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ìwádìí kan tí ilé iṣẹ́ Bowker gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2012 fi hàn pé ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń ra ìwé tí wọ́n ṣe fún ọmọ ọdún 12 sí 17 ló ti pé ọdún 18 tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ, ara wọn ni ọ̀pọ̀ wọn sì ń rà á fún. Kò sí ohun tó burú nínú pé kí àgbà ka ìwé ọ̀dọ́. Àmọ́ ó ń yí èrò tí à ń kà padà. Àgbà á kọ̀wé pé ọmọbìnrin inú ìtàn náà ń bí òun nínú nítorí pé ó ń ṣe ìpinnu tí kò mọ́gbọ́n dání. Ọmọ ọdún 15 tó bá ka ibi kan náà lè rí ara rẹ̀ níbẹ̀ gẹ́lẹ́. Nítorí náà, bí mo bá rí ẹ̀sùn pé “akọni ìtàn yìí ń ṣe bí ọmọdé” lórí ìwé tí akọni rẹ̀ jẹ́ ọmọdé, mi ò kà á sí àléébù ìwé náà.

Ìràwọ̀ fúnra rẹ̀ kì í túmọ̀ sí ohun kan náà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn. Lórí Goodreads, ohun tí wọ́n kọ sí abẹ́ ìràwọ̀ méjì ni pé ìwé náà kò burú, ìràwọ̀ mẹ́ta sì jẹ́ pé òǹkàwé fẹ́ràn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń fún ìwé ní ìràwọ̀ ò mọ èyí. Mẹ́ta lójú wọn ti jẹ́ ìjákulẹ̀. Nígbà tí ẹ bá wá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ tí ẹ ṣírò àárín rẹ̀, kí ni nọ́ńbà náà ń sọ? Ẹ fi kún un pé ẹni tí ìwé dùn mọ́ gan-an tàbí tó bí nínú gan-an ló sábà máa ń jókòó kọ nǹkan. Àwọn tó wà láàárín á ti ka ìwé mìíràn.

Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́kẹ̀lé tún wà. Goodreads máa ń gba ìràwọ̀ kí ìwé tó jáde pàápàá, nítorí pé àwọn ilé iṣẹ́ tó ń tẹ ìwé máa ń fi ẹ̀dà ìṣáájú ránṣẹ́ sí àwọn òǹkàwé kan lọ́fẹ̀ẹ́. Àǹfààní wà nínú ìyẹn, ṣùgbọ́n ó ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí kò ka nǹkan kan láti kóra jọ bo ìwé kan mọ́lẹ̀ nítorí ìjà tí kò kan ìwé rárá. Ní ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn kan ń ta èrò irọ́ bí ẹni ń ta ọjà. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé lọ́dún 2024, àjọ FTC, tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà, gbé òfin jáde tó ka títa àti ríra èrò irọ́ léèwọ̀, tí ó sì fi ìtanràn lé e.

Ṣé kí a wá pa ìràwọ̀ tì? Rárá. Bí mo ṣe ń lò ó nìyí: mo máa ń fojú fo nọ́ńbà àárín yẹn, mo sì ń lọ tààrà sí ọ̀rọ̀ àwọn tó fún ìwé náà ní ìràwọ̀ méjì àti mẹ́ta. Àwọn wọ̀nyí ló sábà máa ń ṣàlàyé. Wọ́n á sọ ibi tí ìtàn ti dùn, wọ́n á sọ ibi tí ó ti já, ẹ ó sì lè mọ̀ bóyá ohun tó já wọn kulẹ̀ yóò já ọmọ tiyín kulẹ̀. Ìràwọ̀ márùn-ún tí kò ní àlàyé kankan lẹ́yìn, mi ò kì í kà á kún.

Lámèyítọ́ inú ìwé ìròyìn

Ìwé ìròyìn wà tó jẹ́ pé ìwé ọmọdé àti ọ̀dọ́ ni iṣẹ́ wọn. The Horn Book Magazine ti wà láti ọdún 1924, School Library Journal láti ọdún 1954. Kirkus Reviews, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1933, ń gbé ìwé àgbà àti ti ọmọdé yẹ̀ wò pọ̀, kì í sì í fi orúkọ ẹni tó kọ àgbéyẹ̀wò sí i. Àwọn tó ń kọ̀wé síbẹ̀ ti ka ìwé tó pọ̀ gan-an. Bí wọ́n bá sọ pé ọgbọ́n ìtàn kan jẹ́ tuntun, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń fi í wé.

Agbára wọn nìyẹn. Wọ́n á sọ fún yín bóyá èdè ìwé náà dán mọ́rán, bóyá àwòrán bá ọ̀rọ̀ rìn, bóyá òǹkọ̀wé mọ nípa ìtàn tàbí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ tó ń kọ nípa rẹ̀. Fún ìwé tí kì í ṣe ìtàn àròsọ, irú bí ìwé nípa ara ènìyàn, ìtàn ogun, tàbí ojú ọ̀run, mi ò mọ èrò mìíràn tó ṣeé gbára lé tó ti lámèyítọ́. Ọmọ ọdún 12 lè sọ pé ìwé nípa ìràwọ̀ ojú ọ̀run dùn, ṣùgbọ́n kò lè mọ̀ bóyá ohun tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ òótọ́.

Ohun tí wọn kì í sábà lè sọ ni bóyá ọmọ yóò kà á parí. Àgbéyẹ̀wò wọn kúrú, olùrà ìwé fún ilé ìkàwé ni wọ́n sì ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ọmọ. Ìwé tó ń kan ọkàn àgbà, tó kún fún ìrántí ìgbà èwe àti ìbànújẹ́ tí a kò sọ jáde, máa ń rí ìyìn púpọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ìwé ẹ̀fẹ̀ tí àwọn ọmọ ń já gbà lọ́wọ́ ara wọn kì í rí tó bẹ́ẹ̀, ó sì ń dùn mí, torí pé láti kọ ìwé tó ń pa ọmọ lẹ́rìn-ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ṣòro gan-an.

Ẹ tún kíyè sí ìyàtọ̀ kan tó farasin. Àgbéyẹ̀wò tí ìwé ìròyìn fúnra rẹ̀ yàn láti ṣe kò rí bákan náà pẹ̀lú èyí tí òǹkọ̀wé san owó fún. Kirkus ní ẹ̀ka kan fún àwọn òǹkọ̀wé tó ń tẹ ìwé ara wọn, owó sì ni òǹkọ̀wé ń san kí wọ́n tó gbé ìwé rẹ̀ yẹ̀ wò níbẹ̀. Owó náà kò ra ìyìn, òǹkọ̀wé sì lè ní kí wọ́n má gbé èyí tí kò bá tẹ́ òun lọ́rùn jáde. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé èyí tí a rí kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n kọ.

Àmì ẹ̀yẹ

Òǹtẹ̀ wúrà àmì ẹ̀yẹ tó ń dán lẹ́yìn ìwé máa ń fà ojú. Àmọ́ àmì ẹ̀yẹ kì í ṣe oríṣi kan, ìdí nìyí tí àwọn èèyàn fi ń sọ pé ó já àwọn kulẹ̀.

Àmì ẹ̀yẹ Newbery ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1922, Carnegie ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1936. Àwọn olùtọ́jú ilé ìkàwé ló wà nídìí méjèèjì. Ìlànà Newbery fúnra rẹ̀ sọ ọ́ gbangba pé ìjójúlówó iṣẹ́ ọnà ni àwọn ń wò, pé àmì ẹ̀yẹ náà kì í ṣe fún ẹ̀kọ́ ìwà, kì í sì í ṣe fún ìwé tó gbajúmọ̀. Nígbà tí òbí bá ra ìwé Newbery tán tí ọmọ rẹ̀ ò kà á, ìgbìmọ̀ náà ò purọ́ fún un. Ohun tí wọ́n wọ̀n kọ́ ni ohun tó ń wá. Printz, tí wọ́n kọ́kọ́ fúnni lọ́dún 2000, ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà fún ìwé àwọn ọmọ ọdún 12 sí 18. Ti Hans Christian Andersen, tí IBBY, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìwé àwọn ọmọdé, ń fúnni láti ọdún 1956, tún yàtọ̀ pátápátá: gbogbo iṣẹ́ òǹkọ̀wé látẹ̀yìnwá ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ìwé kan. Ó dára fún ẹni tó fẹ́ mọ òǹkọ̀wé tí ó yẹ kó wá ìwé rẹ̀ kiri, pàápàá láti àwọn orílẹ̀-èdè tí ìwé wọn kì í tètè dé ọ̀dọ̀ wa. Kò dára fún ẹni tó ń wá ìwé kan fún ọjọ́ ìbí ọ̀la.

Lápá kejì ni àmì ẹ̀yẹ tí àwọn ọmọ fúnra wọn ń dìbò fún. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ Federation of Children’s Book Groups ti ń ṣe ọ̀kan láti ọdún 1980, àwọn ọmọ nìkan ló sì ń pinnu ẹni tó gbà á. Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀ka YALSA ti ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú ilé ìkàwé ní Teens’ Top Ten, níbi tí ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́langba ti ń dárúkọ ìwé tí ẹgbẹ́ wọn sì ń dìbò. Bí ẹ bá ń wá ìwé tí ọmọ tí kò fẹ́ràn ìwé kíkà yóò ṣí ojú ewé kejì rẹ̀, irú àkójọ yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Àléébù rẹ̀ ni pé ìwé tí ọ̀pọ̀ ọmọ ti rí kà nìkan ló lè borí. Ìwé dáadáa tí ẹ̀dà rẹ̀ kò pọ̀ nílẹ̀ kò lè rí ìbò.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ètò kan wà lára Carnegie tí mo rò pé ó dára ju gbogbo àmì ẹ̀yẹ wọ̀nyí lọ fún ẹni tó ń wá èrò: bí ìgbìmọ̀ àgbà ṣe ń ka àwọn ìwé tó kù sórí àkójọ ìkẹyìn, bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìkàwé ń ka àwọn ìwé kan náà, tí wọ́n ń jiyàn lórí wọn, tí wọ́n sì ń yan tiwọn. Ibi tí àwọn méjèèjì bá ti fẹnu kò, ẹ lè ra ìwé náà láìfòyà. Ibi tí wọ́n bá ti yapa, ẹ wo ìdí tí àwọn ọmọ fi kọ̀ ọ́.

Ìtọ́sọ́nà fún òbí

Common Sense Media, àjọ kan ní Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2003, ni mo fi ń ṣàpẹẹrẹ níbí. Wọ́n ń sọ ọjọ́ orí tí ìwé bá mu, wọ́n sì ń to ohun tó wà nínú rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ìwà ipá, ìbálòpọ̀, ọ̀rọ̀ rírùn, oògùn olóró. Ohun kan tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé wọ́n ń ya ọjọ́ orí tí òbí sọ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí àwọn ọmọ sọ. Bí òbí bá sọ 14 tí àwọn ọmọ sì sọ 11, ìsọfúnni lèyí fúnra rẹ̀.

Irú ìtọ́sọ́nà yìí wúlò fún ẹni tó mọ ohun pàtó tó ń bẹ̀rù. Ọmọ tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ lẹ́nu àìpẹ́, tí ẹ ò fẹ́ kó ṣèèṣì pàdé ikú ìyá nínú ìtàn lálẹ́, ẹ wò ó níbẹ̀ kí ẹ tó ra ìwé. Ṣùgbọ́n kò yẹ kó jẹ́ òun nìkan lèèyàn ń kà. Kíka iye èébú tó wà nínú ìwé kò sọ ohun tí ìwé náà ń fi èébú ṣe. Ìwé nípa ọmọ tí wọ́n ń fìyà jẹ yóò ní ìyà nínú, ọmọ tó ń la irú rẹ̀ kọjá sì lè jẹ́ ẹni tó nílò ìwé náà jù lọ.

Ẹ má sì fi ọjọ́ orí tí ohun inú ìwé bá mu pọ̀ mọ́ nọ́ńbà ìpele ìwé kíkà. Lexile àti irú rẹ̀ ń wo gígùn gbólóhùn àti bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣe wọ́pọ̀ tó. Wọn ò mọ ohun tí ìtàn náà dá lé. Ìwé tó kún fún gbólóhùn kúkúrú lè gbé ọ̀rọ̀ tó wúwo ju ọmọ ọdún 9 lọ.

Fídíò àwọn ọ̀dọ́

BookTok, ìyẹn àwọn fídíò nípa ìwé lórí TikTok, gbilẹ̀ láti ọdún 2020. Ó ti gbé ìwé tó ti pẹ́ padà sórí àtẹ, ó sì jẹ́ ohùn àwọn ọ̀dọ́ fúnra wọn, pẹ̀lú ẹ̀rín àti omijé. Mo kà á kún ohun rere pé ọ̀dọ́ lè sunkún nítorí ìwé lójú gbogbo ayé láìtijú.

Gẹ́gẹ́ bí ìtọ́sọ́nà, ó ní ìṣòro méjì. Fídíò náà ń sọ bí ìwé ṣe ṣe ẹni náà, kì í sábà sọ ohun tó wà nínú ìwé. Èkejì ló tún wá le jù: púpọ̀ nínú ìwé ìfẹ́ tí wọ́n ń gbé síta níbẹ̀ jẹ́ ti àgbà, ìbálòpọ̀ tó hàn gbangba sì wà nínú wọn, bẹ́ẹ̀ àwòrán aláwọ̀ mèremère tó wà lẹ́yìn wọn jọ ti ìwé ọ̀dọ́langba. Òbí tó bá fojú ẹ̀yìn ìwé ṣe ìpinnu á ṣi í. Owó náà tún ń bẹ níbẹ̀: àwọn kan ń gba ìwé ọ̀fẹ́, àwọn kan ń gba owó. Àwọn olóòótọ́ ń sọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ fídíò. Ohun tó sì ń ná ọmọ ni àkókò rẹ̀, nítorí ẹni tó wọlé láti wá ìwé kan lè lo wákàtí kan níbẹ̀ láì ka ojú ewé kan.

Èrò ojúkojú

Ibí ni mo fẹ́ dúró pẹ́ sí. Èrò tí ọ̀dọ́ kan sọ fún yín ní tààrà, tàbí tí olùtọ́jú ilé ìkàwé tó ń bá àwọn ọ̀dọ́ ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ sọ fún yín, ló yege jù nínú ìwọ̀n mi. Ẹ mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ẹ lè bi í ní ìdí. Kò sí ẹni tó sanwó fún un. Kò sì béèrè àkáǹtì tàbí ọjọ́ ìbí ọmọ yín.

Ohun tó ń ba èrò yìí jẹ́ ni bí a ṣe ń béèrè rẹ̀. “Ṣé ìwé náà dùn?” “Bẹ́ẹ̀ ni.” Ọ̀rọ̀ parí. Ọmọ tí àgbà bi ní irú ìbéèrè yẹn mọ ìdáhùn tí àgbà ń fẹ́ gbọ́, yóò sì fún un. Ẹ gbìyànjú àwọn ìbéèrè mìíràn. Ojú ewé mélòó lo kà kó tó wọ̀ ọ́ lára? Ibo lo ti fò? Ta ni nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ lo máa fún, ta ni o ò ní fún láéláé? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ṣiṣẹ́ gan-an, nítorí ó ń mú kí ọmọ náà ronú nípa òǹkàwé mìíràn yàtọ̀ sí ara rẹ̀, ohun tí lámèyítọ́ ń ṣe náà nìyẹn. Ọmọ á ní, “Mi ò lè fún àbúrò mi torí pé ó máa bẹ̀rù ajá tó wà níbẹ̀, àmọ́ ẹni tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù á kà á tán lọ́jọ́ kan.” Kò sí iye ìràwọ̀ tó lè sọ ìyẹn.

Ẹgbẹ́ òǹkàwé ń mú kí èrò wọ̀nyí pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ó ní ewu tirẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́, ẹni tí ohùn rẹ̀ ròkè jù ló ń pinnu bí ìwé ṣe rí, àwọn tó kù á sì tẹ̀ lé e nítorí pé kò sí ọmọ ọdún 14 tó fẹ́ dá yàtọ̀. Ohun tó ń wo èyí sàn ni kí olúkúlùkù kọ èrò rẹ̀ sórí ìwé pélébé kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Kí olùkọ́ má fún un ní máàkì. Kí wọ́n sì gbà á láyè gbangba pé kí ọmọ sọ pé òun ò kà á parí, pẹ̀lú ojú ewé tó ti dúró. Bí ọmọ mẹ́ta bá dúró ní ibì kan náà, ẹ ti mọ ohun kan nípa ìwé náà tí ẹ ò lè rí kà níbikíbi.

Olùtọ́jú ilé ìkàwé ní ohun kan tí ọ̀dọ́ kò ní: ó ti rí ọ̀pọ̀ ọmọ gba ìwé kan náà, ó sì ti rí i bí wọ́n ṣe dá a padà. Ó mọ èyí tí wọ́n ń dá padà lọ́jọ́ kejì àti èyí tí wọ́n ń wá apá kejì rẹ̀. Ẹ mú orúkọ ìwé tí ọmọ yín fẹ́ràn kẹ́yìn lọ bá a, ẹ sì sọ ohun tó fẹ́ràn nínú rẹ̀. “Ó fẹ́ràn ìtàn ìwádìí” kò tó. “Ó fẹ́ràn pé ọmọ náà ń tan àwọn àgbà jẹ” sàn jù.

Àléébù ọ̀nà yìí hàn gbangba: kò tó kárí. Ọmọ mẹ́wàá ò lè ka gbogbo ìwé tuntun, kì í sì í ṣe gbogbo ibi ló ní olùtọ́jú ilé ìkàwé tó mọ ìwé àwọn ọ̀dọ́. Ohun tí ẹgbẹ́ kan kò bá ti gbọ́ nípa rẹ̀, wọn ò lè dámọ̀ràn rẹ̀.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Òbí tó ní ọmọ kan tó ti ń kàwé dáadáa: ẹ jẹ́ kí ọmọ náà máa gba ìwé lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ẹ̀yin sì máa fi àgbéyẹ̀wò lámèyítọ́ mú ìwé tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kò lè mọ̀ wọlé, ọ̀kan nínú mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ìràwọ̀ ò pọn dandan fún yín.

Òbí tí ọmọ rẹ̀ kò fẹ́ rí ìwé sójú: àkójọ tí àwọn ọmọ dìbò fún ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, lẹ́yìn náà olùtọ́jú ilé ìkàwé. Ẹ gbàgbé wúrà ẹ̀yìn ìwé fún ìgbà díẹ̀. Ìwé ẹ̀fẹ̀, ìwé àwòrán, ìwé nípa eré ìdárayá, ìwé ni gbogbo wọn.

Òbí tí ọmọ rẹ̀ ń la ohun tó le kọjá, tàbí tó ní ohun pàtó tí kò fẹ́ kó pàdé, ìtọ́sọ́nà òbí ni tiyín. Ẹ ka àlàyé rẹ̀ tán, ẹ má dúró lórí nọ́ńbà ọjọ́ orí, kí ẹ sì ka orí kan nínú ìwé náà fúnra yín.

Olùkọ́ tó fẹ́ ìwé kan tí gbogbo kíláàsì yóò kà pọ̀ ní láti wo àkójọ ìkẹyìn àmì ẹ̀yẹ tí àwọn ọmọ ti jiyàn lórí rẹ̀, nítorí ìwé tí ó lè dá iyàn sílẹ̀ ni kíláàsì nílò. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí ọmọ méjì tàbí mẹ́ta láti kíláàsì iwájú kà á ṣáájú.

Ẹni tó ń fi owó díẹ̀ ra ìwé sí ilé ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ ni ìṣòro rẹ̀ pọ̀ jù. Fún ìwé ìmọ̀, kí ó gba ti lámèyítọ́ nìkan. Fún ìtàn àròsọ, kí ó pín owó náà sí méjì: ìdajì fún ohun tí àwọn ọmọ fúnra wọn kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ìdajì fún ohun tí àwọn àgbà tó mọ ìwé yìn. Kí ó wá máa wo èyí tí wọ́n ń yá jù láàárín ọdún kan, kí ó tó pín owó ọdún tó ń bọ̀.

Ọ̀dọ́ tó ń ka èyí, tó ń wá ìwé fún ara rẹ̀, lè lo fídíò, lè lo ìràwọ̀, lè lo ẹnu ọ̀rẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kó ṣe: wá ẹni kan tí ìwé tó fẹ́ràn bá tìẹ mu lẹ́ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìbáà jẹ́ ọ̀rẹ́ ní kíláàsì tàbí àjèjì tó ń ṣe fídíò, kí o sì gba ìwé kẹta tó bá dárúkọ láì wo iye ìràwọ̀ rẹ̀. Bí ìwé náà kò bá wọ̀ ọ́ lára, dá a padà, kí o sì sọ fún un ibi tí o ti dúró.